Bí ẹ ṣe lè wọ̀ sílé onílé láti Àjàṣẹ́ dé Kétu àti Ṣábẹ

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wa ọkọ̀ lọ sí Kétu, ilẹ̀ ti ń ṣú kí n tó débẹ̀, eruku pupa sì ti bo gbogbo ara mi. Ìyá àgbà tí a wọ̀ sọ́dọ̀ wọn ò tíì béèrè orúkọ wa tí wọ́n fi bu omi sínú ife, tí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá bá mi. Mo ní, "Ẹ ṣeun mà, omi wà nínú ọkọ̀." Èrò mi ni pé mi ò fẹ́ yọ wọ́n lẹ́nu. Ìyá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ife lọ́wọ́, wọn ò sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ rin ìrìn náà, tó jẹ́ pé Kétu ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀, ló yára dọ̀bálẹ̀, ó gba ife, ó ta díẹ̀ sílẹ̀, ó mu díẹ̀, ó sì fà á lé mi lọ́wọ́. Ìgbà tí mo mu ún tán ni ìyá tó sọ pé, "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ kú ewu ọ̀nà."

Nígbà tí alẹ́ lẹ́, ọ̀rẹ́ mi ṣàlàyé fún mi pé àlejò tó bá kọ omi onílé ti sọ fún onílé pé òun ò fọkàn tán an. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí ẹni tó fẹ́ ṣe mí lóore ni mo dójú tì. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń kíyè sí i pé iṣẹ́ wà lọ́rùn àlejò bó ṣe wà lọ́rùn onílé. Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí ni iṣẹ́ náà, fún ẹni tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ láti Èkó, Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn lọ sọ́dọ̀ àwọn ìbátan wa ní orílẹ̀-èdè Benin.

1. Kí ẹ tó tọ́jú ọkọ̀, ẹ wá orúkọ ilé kan

Epo àti táyà kọ́ ni ẹ máa kọ́kọ́ wá. Ẹ wá ẹni tó máa lè sọ pé "mo mọ̀ wọ́n." Ó rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jókòó fa ààlà sáàárín ilẹ̀ Yorùbá, tí Kétu fi bọ́ sí apá ọ̀hún, tí Ìmẹ̀kọ tó wà lábẹ́ Alákétu, ọba Kétu, sì bọ́ sí apá ìhín. Wọ́n pín ilẹ̀, àmọ́ wọn ò lè pín ẹbí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé yín, lọ́wọ́ ìyá tó ń ta ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, lọ́wọ́ àwọn tí ẹ jọ ń kírun tàbí tí ẹ jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ò ní béèrè tó ẹni mẹ́wàá kí ẹ tó rí ẹni tí ìyá rẹ̀ tàbí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti Kétu, Pọ́bẹ̀, Ìdáàṣà tàbí Ṣábẹ.

Bí ẹ bá ti rí ilé, ẹ ránṣẹ́ síwájú. Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ wọn nílé ìwé. Ọ̀pọ̀ wọn ń sọ Yorùbá látàárọ̀ dalẹ́ láìlè kà á lórí ìwé, àmọ́ tí ohùn yín bá dé, gbogbo ilé á jókòó yí fóònù ká láti gbọ́. Ẹ sọ orúkọ yín, ọmọ ẹni tí ẹ jẹ́, iye èèyàn tí ẹ jẹ́, ọjọ́ tí ẹ máa dé.

Bí ẹ ò bá rí ilé kankan, ẹ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, Songhai, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985, ní yàrá fún àlejò àti ilé oúnjẹ, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì lè fi yín mọ ẹni tó gbọ́ èdè yín.

2. Ìwé àti owó

Èyí ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Páásìpọ́ọ̀tù tàbí káàdì ìdánimọ̀ ECOWAS, káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ìwé ọkọ̀ tó pé. Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS lè lo 90 ọjọ́ láìgba físà. Fún ọkọ̀, ẹ gba ìwé ìbánigbófò tí wọ́n ń pè ní Brown Card. Kútọnu gan-an ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní 1982. Ní ẹnubodè, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù máa fún yín ní ìwé àṣẹ ọkọ̀. Ẹ má sọ ọ́ nù, wọ́n á béèrè rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń padà.

Ẹ ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà, kí owó kéékèèké sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ kì í ní ṣẹ́ńjì owó ńlá láàárọ̀.

3. Ẹ jẹ́ kí oòrùn bá yín délé

Láti Sèmè ẹ máa yà sí Àjàṣẹ́. Láti Ìdìrókò, Ìgólò ni ẹ máa bá lódìkejì, lẹ́yìn náà Ìfọ̀nyìn, Sakété, Pọ́bẹ̀, kí ẹ tó dé Kétu. Ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Kétu lé ní 100 kìlómítà. Ẹ gbéra ní kùtùkùtù kí ẹ lè wọ ìlú ṣáájú aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ìdí rẹ̀ ju ewu ọ̀nà lọ. Bí àlejò bá dé lójú ọ̀sán, onílé á ráyè rán ọmọ sọ́jà, á ráyè mú adìẹ, á ráyè gbá yàrá, á ráyè sọ fún aládùúgbò pé àlejò òun dé. Bí ẹ bá dé lóru, gbogbo rẹ̀ á di kánjúkánjú, ìtìjú á sì bá onílé pé òun ò rí nǹkan gidi gbé síwájú yín. Àwọn àgbà ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Ẹ má jẹ́ kí gbèsè náà pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú mọ́ yín lọ́nà, ẹ pè wọ́n, kí ẹ sì sùn sí ìlú tí ẹ bá dé. Kò sẹ́ni tó máa bínú.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọkọ̀ ni a ń pè ní mọ́tò. Lẹ́nu Faransé, alùpùpù ni "moto." Bí ọkọ̀ yín bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà tí ẹ sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé mọ́tò yín bàjẹ́, ó lè fi gbogbo inú kan lọ pe ẹni tó ń tún alùpùpù ṣe wá. Ẹ sọ pé "ọkọ̀," gbogbo wọn ló máa yé.

4. Lẹ́nu ọ̀nà

Ẹ má fun fèrè ọkọ̀ láti pe onílé jáde. Ẹ gbé ọkọ̀ síbi tí kò ti ní dí ojú ọ̀nà, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ pe "Àgò onílé o!" kí ẹ sì dúró títí wọ́n á fi dáhùn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde lè jẹ́ ọmọdé. Ẹ ní kó mú yín lọ bá àgbà ilé. Kódà bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dọ́ ni ẹ mọ̀ nínú ilé náà, tí ó jẹ́ pé òun ni ẹ ti ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, àgbà ilé ló ni yín ní alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ bọ́ bàtà létí ẹní. Ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, obìnrin kúnlẹ̀. Ẹ̀ka èdè wọn yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa, àwọn ọ̀rọ̀ kan á sá yín létí, àmọ́ ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ ní "Ẹ kú ilé o, ẹ kú àtijọ́," ojú wọn á là. Ní Àjàṣẹ́, tí Yorùbá àti Gùn ti jọ ń gbé, ẹ lè gbọ́ tí wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ní "fofo." Ẹ jẹ́ kó wọ̀ yín lẹ́nu, orúkọ ọ̀wọ̀ ni.

Omi á dé. Ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi gbà á, àgbà inú yín ló sì máa kọ́kọ́ gbà á. Mo mọ̀ pé àwọn míì ń bẹ̀rù inú rírun, ẹ̀rù náà kì í ṣe ẹ̀rù asán. Ọ̀nà tí mo ń gbà ni pé mo máa ta díẹ̀ sílẹ̀, mo máa fi ètè kàn án, mo sì máa gbé e fún ẹnìkejì mi. Bí mo bá jókòó tán tí ọ̀rọ̀ ti gbilẹ̀, mo lè mu omi inú ọkọ̀ mi láìsí ìṣòro. Ẹ gbà á ná, ìyẹn ni wọ́n ń wò.

Lẹ́yìn omi ni wọ́n á béèrè pé, "Ṣé àlàáfíà lẹ bá dé?" Kí gbogbo yín má jọ dáhùn pa pọ̀. Kí ẹnì kan sọ̀rọ̀: ibi tí ẹ ti wá, ẹni tó ní kí ẹ bá òun kí wọn, bí ọ̀nà ṣe rí, ohun tí ẹ wá ṣe. Kí ó sì fi ọjọ́ tí ẹ máa lọ kún un. Ọ̀pọ̀ ìwé ìrìn-àjò kì í sọ èyí, mo sì rò pé òun ló ṣe pàtàkì jù. Onílé ò lè bi yín léèrè ìgbà tí ẹ máa lọ. Bí ó bá béèrè, á dà bí ẹni pé ó ń lé yín. Á wá máa fojú wọn oúnjẹ tó kù nínú ilé, á máa sun ìrìn oko tirẹ̀ síwájú, kò ní sọ nǹkan kan. Tí ẹ bá ti sọ pé "Ẹ bá wa sọ orí ire, oorun méjì la máa sùn," ẹ ti tú u sílẹ̀. Ó lè ní kí ẹ fi ọ̀kan kún un. Tí ó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìwà ọmọlúàbí ni. Tí ó bá tún un sọ lọ́jọ́ kejì, ó wù ú lóòótọ́.

Ìtàn kan wà tí àwọn àgbà Kétu máa ń sọ: nígbà tí àwọn tó tẹ ìlú dó dé, ìyá àgbà kan ni wọ́n bá nítòsí ibẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ti tọrọ iná tí wọ́n fi dáná àkọ́kọ́. Nígbàkígbà tí mo bá ń dọ̀bálẹ̀ létí ẹní ní Kétu, ìyá yẹn ni mo máa ń rántí. Àwọn tó ń gbà mí lálejò náà ti ṣe àlejò rí.

5. Oúnjẹ

Wọ́n á gbé oúnjẹ wá, wọ́n á sì lè fi yín sílẹ̀ láti jẹ ẹ́ ní ẹ̀yin nìkan. Ọ̀wọ̀ ni. Ẹ má rò pé wọ́n ń yẹra fún yín. Ẹ lè ní kí bàbá onílé wá bá yín fọwọ́ kàn án; nígbà míì wọ́n á wá, nígbà míì wọ́n á ní kí ẹ máa jẹun yín. Ẹ fọwọ́, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹran.

Ẹ ṣẹ́ nǹkan kù sínú àwo. Nínú ọ̀pọ̀ agboolé, oúnjẹ tí àlejò bá ṣẹ́ kù ni àwọn ọmọdé ń dúró dè, ẹran sì ni ojú wọn wà lára rẹ̀ jù. Mo ti rí àlejò kan tó jẹ gbogbo adìẹ tán nítorí ó rò pé bí òun bá ṣẹ́ ẹ kù, ó dà bí ẹni pé ọbẹ̀ ò dùn. Ọmọ mẹ́rin ló ń wò ó látẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Bí nǹkan kan bá wà tí ẹ kì í jẹ, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó dáná, kí ẹ sì pè é ní èèwọ̀ yín. Bí ẹ bá pè é ní èèwọ̀, kò sẹ́ni tó máa béèrè ìdí.

6. Ọwọ́ kì í ṣófo, àmọ́ ẹ má sanwó

Ẹ mú nǹkan dání láti ilé. Àdìrẹ Abẹ́òkúta ni ohun tí mo ti rí i tí inú wọn ń dùn sí jù, nítorí aṣọ tí wọ́n á wọ̀ ni, wọ́n á sì sọ fún èèyàn pé àlejò àwọn ló mú un wá. Gàrí Ìjẹ̀bú dára. Obì fún bàbá, bisikíìtì fún àwọn ọmọ. Ẹ má gbé ọtí lọ sílé tí ẹ ò mọ ẹ̀sìn wọn. Àgbà ilé ni kí ẹ kó o fún, kí òun fúnra rẹ̀ pín in.

Owó wá ńkọ́? Lọ́dún kejì tí mo lọ, mo ka owó sílẹ̀ lórí tábìlì ní òwúrọ̀ tí mò ń lọ, mo fi iye oorun tí mo sùn ṣírò rẹ̀ bí ẹni ń san owó òtẹ́ẹ̀lì. Bàbá onílé wò ó, wọ́n ní, "Ṣé a ta ilé fún yín ni?" Owó náà kọ́ ló bí wọn nínú, ìṣirò ló bí wọn nínú. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ fún wọn lówó, mo máa pe ìyá tó dáná sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo máa ká owó náà sínú àtẹ́lẹwọ́ wọn, mo máa ní, "Mà, ẹ fi ra ata." Wọ́n máa ń gbà á, wọ́n á sì súre. Ọ̀nà míì tún ni kí ẹ bá wọn lọ sọ́jà kí ẹ sì san owó ẹja. Tàbí kí ẹ fi ọkọ̀ yín gbé ìyá arúgbó ilé náà lọ sílé ìwòsàn tàbí lọ kí ọmọ wọn tó wà ní ìlú kejì. Ọkọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà wúlò fún ilé tí kò ní ọ̀kan ju owó lọ.

7. Alẹ́, omi ìwẹ̀, ibi tí a kì í dé

Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń pọn omi kí ẹ tó wẹ̀. Nígbà ẹ̀rùn, ààbọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì tó èèyàn kan. Ẹ gbé àwọ̀n ẹ̀fọn dání láti ilé, kí ẹ má baà gba ti ọmọ wọn.

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ má dá jáde láìsọ fún onílé. Ní agbègbè Àjàṣẹ́, Sángbétò, eégún àwọn Gùn, ń ṣọ́ ìlú lóru. Ní Sakété, Pọ́bẹ̀ àti Kétu, Orò wà. Tí wọ́n bá sọ fún àwọn obìnrin inú yín pé kí wọ́n má jáde, kí wọ́n wọlé, kí wọ́n ti fèrèsé. Ẹ má bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lálẹ́ yẹn, ẹ má sì yọ fóònù síta.

8. Àkàbà Ìdénà, ààfin, Gẹ̀lẹ̀dẹ́

Ní Kétu, ẹ ní kí ọmọ ilé mú yín lọ wo Àkàbà Ìdénà, ẹnubodè ìlú àtijọ́ tí wọ́n fi amọ̀ mọ. Ibẹ̀ ni ogun Dàhòmì ti kọ lu ìlú. Ní 1886 ni wọ́n fọ́ Kétu, tí wọ́n kó àwọn èèyàn lẹ́rú lọ sí Abọ́mẹ̀, olú ìlú Dàhòmì; ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn tó kù tó padà wá tún ìlú tò. Ìran tó wà nílé lónìí mọ orúkọ àwọn tí kò padà wá nínú agboolé wọn. Ẹ má fi ogun yẹn ṣeré lẹ́nu, ẹ má sì fi bú àwọn Fọ̀n, tó ni Dàhòmì, níwájú wọn. Ọ̀pọ̀ ti fẹ́ ara wọn láti ìgbà náà.

Bí ẹ bá fẹ́ kí Alákétu, onílé yín ni kó mú yín lọ. Ìdílé márùn-ún ló ń jọba ní Kétu lẹ́sẹẹsẹ, agboolé tí ẹ wọ̀ sí sì lè bá ọ̀kan nínú wọn tan. Ẹ jẹ́ kó ṣáájú, ohun tó bá ṣe ni kí ẹ ṣe.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ńkọ́? Ìlú Kétu ni ọ̀pọ̀ ìtàn tọ́ka sí pé ó ti ṣẹ̀ wá. UNESCO kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà aráyé ní 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ wọn ní 2008 fún Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Bí ẹ bá ṣe kòńgẹ́ rẹ̀, lóru ni Ẹ̀fẹ̀, olórin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, máa ń jáde kọrin, á yin ìyá, á sì bá aṣebi wí. Ẹ jókòó síbi tí onílé bá fi yín sí. Ẹ béèrè kí ẹ tó ya fọ́tò. Bí orin bá kan yín lára tí ẹ fẹ́ náwó, ẹ fi owó lé onílé yín lọ́wọ́, kó mú yín lọ.

9. Bí ẹ bá ń tẹ̀ síwájú sí Ṣábẹ

Lórí máàpù, ó dà bí ẹni pé ẹ lè gba Kétu já sí Ṣábẹ tààrà. Ọ̀nà eruku ni mo mọ̀ ọ́n sí, èmi ò sì gbà yín níyànjú rẹ̀ lásìkò òjò. Ẹ gba ọ̀nà ọ̀dà: ẹ sọdá odò Wẹ̀mẹ̀, ẹ gba Kove já sí Bohicon, kí ẹ wá kọrí sókè sí Ìdáàṣà, Glazoué, Ṣábẹ. Nítòsí ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, àwọn onígbàgbọ́ Kátólíìkì máa ń rọ́ lọ sí ihò Arigbo ní Ìdáàṣà, kò sì sí yàrá òfìfo lágbègbè náà nígbà yẹn. Ẹ yẹra fún ọjọ́ náà, tàbí kí ẹ ti ṣètò ilé sílẹ̀.

Ní Ṣábẹ, àwọn òkè olókùúta ni ẹ máa kọ́kọ́ rí lókèèrè. Nígbà ogun, orí wọn ni àwọn èèyàn sá sí. Ẹ má dá gùn wọ́n. Ojúbọ wà lórí wọn, ọmọ ìlú ló mọ ọ̀nà tí àlejò lè tọ̀.

Iyán ni oúnjẹ ibẹ̀. Wọ́n ń fi wàgáṣì sínú ọbẹ̀ rẹ̀, wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń ṣe, tí wọ́n fi ewé bòmùbòmù mú dì, tí wọ́n sì fi pòpórò ọkà bàbà pa ara rẹ̀ láró pupa. Bí ẹ bá gbọ́ ìró odó lẹ́yìnkùlé, ẹ dìde lọ síbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ọmọ odó. Wọ́n á kọ̀, wọ́n á ní àlejò kì í gún iyán. Ẹ tún bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Nídìí odó yẹn ni mo ti gbọ́ ìtàn ìdílé, orúkọ àwọn ọmọ tó wà ní Èkó, àti ìdí tí àbúrò bàbá kò fi wálé mọ́, tí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi lórí àga nínú pálọ̀.

10. Lílọ

Ẹ má ji onílé lóru láti dágbére. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ tọrọ ààyè: "Bàbá, a fẹ́ gba ọ̀nà lọ́la." Láàárọ̀, ẹ gbá yàrá tí ẹ sùn, ẹ ká ẹní, ẹ lọ kí àwọn ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí àwọn náà ló gbà yín lálejò. Bí wọ́n bá di iṣu tàbí àgbàdo sínú ọkọ̀ yín, ẹ gbà á bí ẹ ṣe gba omi.

Wọ́n á sìn yín sọ́nà. Ẹ má wọ ọkọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹ bá wọn rìn, kí ọkọ̀ máa tẹ̀ lé yín lẹ́yìn, títí dé ibi tí àwọn fúnra wọn bá ti dúró.

Bí ẹ bá délé, ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an. Mo gbàgbé ṣe é nígbà kan. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá àgbà tí mo kọ omi wọn lọ́jọ́sí ní kí ọmọ ọmọ wọn bá àwọn tẹ̀ mí láago. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ délé?" Mo ní, "A délé mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Wọ́n wá ní kí n gbé fóònù fún ìyàwó mi tí wọn ò tíì rí rí, kí àwọn kí i.